Eyín Ìbídùn

Lọ́sẹ̀ méjì-méjì ni ọmọ mi ń wá kí mi.
Sátidé, aago mẹ́wàá, níwájú ilé ìkàwé Rochdale.
Ìyá rẹ̀ á dúró síbi tí òjò kò dé,
èmi á dúró síbi tí òjò dé,
ọmọ á fi ìṣísẹ̀ méjìlá kọjá láàárín wa
pẹ̀lú báàgì tí wọ́n ti ka ohun inú rẹ̀ nílé:
ṣòkòtò méjì, ìwé kan, ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan.
Ìkejì ìbọ̀wọ́ náà wà lọ́dọ̀ mi láti oṣù Kọkànlá.
Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Ìjọba ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ.
Òru ni wọ́n ń kà.
Bí òru tó sùn lọ́dọ̀ mi lọ́dún bá pé méjìléláàádọ́ta,
owó ìtọ́jú tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ mi á dín.
Tèmi jẹ́ àádọ́ta géérégé.
Yìnyín dí ọ̀nà lọ́sẹ̀ kan, òru méjì yọ́ bá a lọ.

Nígbà tí mo bẹ̀bẹ̀ fún òru méjì sí i lásìkò Àjíǹde,
Títílọpẹ́ ní, "Ṣé ọmọ lo fẹ́ ni, àbí ẹ̀dínwó?"
Mo bínú. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dùbúlẹ̀, mo bi ara mi ní ìbéèrè kan náà,
ìdáhùn tó wá kò mọ́ tó bí mo ṣe fẹ́.

Mo ń to àpótí láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́.
Bàtà ilé ìwé tí mo rà, wọn ò kà á.
Ìwé ìjọba kò mọ bàtà.
Ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í bá a tọ́ ọ.
Níbí, àwa méjì ló kù,
àwa méjì náà ò sì pé méjì.

Sátidé tó kọjá, Ìbídùn gé ápù jẹ,
eyín iwájú kan bá ápù lọ.
"Dádì, ilé ta ló máa gbé?"
Lọ́dọ̀ Mọ́mì, abẹ́ ìrọ̀rí ni,
iwin kan á wá lóru, á fi owó rọ́pò rẹ̀.
Mo ní, lọ́dọ̀ ìyá mi n'Íkirè, òrùlé là ń jù ú sí,
pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tí iye rẹ̀ bá ọjọ́ orí ọmọ dọ́gba,
kí aláǹgbá má baà rí i, kí òmíràn lè hù.
"Aláǹgbá wo?"
Ó lọ yọjú lójú fèrèsé.

Àjà kẹta nínú mẹ́rin ni mo ń gbé.
Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni òrùlé mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, aago márùn-ún,
mo rìn lọ síbi tí òjò kò dé.
Mo na tíṣù tí mo fi di eyín, mo na òkúta.
Mo ní, "Ìwọ lo ní òrùlé."
Kò fèsì. Ó ń ka òkúta, ètè rẹ̀ ń mì
bí ẹni tó ń ka owó tó ti mọ̀ pé kò ní í pé.
"Mẹ́fà ni. Ọmọ ọdún méje ni."
Méje ni mo kó. Àpò ẹ̀wù òtútù mi ló lu.
N kò ṣàlàyé.
Ó bẹ̀rẹ̀, tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn,
ó ṣa ọ̀kan nílẹ̀, nínú omi òjò,
ó fi kún un.

Lálẹ́, fóònù mi tàn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni.
*Ó ti gòkè. Ó kọ́kọ́ há sí gọ́tà, a fi igi ìgbálẹ̀ tì í.
A ò rí aláǹgbá kankan.*

Mo wá ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan yẹn.
Mo fi í sínú àpò kejì,
èyí tí kò lu.